Software tó ń fa ohùn gùn: báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó fà á dáadáa?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúuṣẹ́ o. Mo ń kọ software kan fún ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ gángan ní Mọ́kọ́lá. Tó bá ti ká fídíò ọ̀gá ẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ́ kó máa lọ díẹ̀díẹ̀ kó lè máa wo ọwọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ohùn ìlù má lọ sísàlẹ̀. Mo kọ test tó ń fi fáìlì tó jáde wé èyí tí mo ti tọ́jú, ó pass lórí laptop mi, ó fail lórí tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan náà ni létí àwa méjèèjì. Ó tún ní tí fídíò bá ti gùn, ohùn máa ń ṣíwájú ọwọ́ onílù. Ṣé kódù ló burú ni àbí test?

Ìdáhùn: Àwọn méjèèjì o. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti test. Byte sí byte lo fi ń wé wọn, àbí? Kọ̀ǹpútà máa ń gé ìdí nọ́ńbà tó ní póìnǹtì ní gbogbo ìgbà tó bá ṣírò, tí tìẹ bá wá ń ro mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí tiẹ̀ ń rò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, ìparí nọ́ńbà yẹn á yàtọ̀, kò sí etí tó lè gbọ́ ọ. Yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, wo èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó kù, tí ò bá tó 0.0001 (1 ni ibi tí ohùn le dé), jẹ́ kó kọjá.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kàn ń sọ pé nǹkan ò yí padà látìgbà tó o ti tọ́jú fáìlì yẹn ni. Tó bá ti bàjẹ́ látọjọ́ yẹn ńkọ́?

Ìbéèrè: Kí wá ni kí n fi wé?

Ìdáhùn: Ohùn tí ìwọ fúnra ẹ ṣe, tó o ti mọ ìdáhùn ẹ̀ kó tó wọlé. Sample ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ ohùn sílẹ̀. Tó bá jẹ́ 44100 ló ń kọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú àáyá 10 jẹ́ sample 441,000, tó o bá fà á ní ìlọ́po 1.5, 661,500 ló yẹ kó jáde. Má sọ pé kó pé géérégé o, torí fèrèsé fèrèsé (ègé kéékèèké) ló ń gé ohùn, sample 2048 sábà ni fèrèsé kan, fi ìyẹn ṣe àyè.

Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé wàhálà ọ̀rẹ́ ẹ wà. Ká ní ìṣísẹ̀ ẹ, ìyẹn bí ìbẹ̀rẹ̀ fèrèsé kan ṣe jìnnà sí ti èkejì, jẹ́ sample 512. Tó o bá fi 1.5 fà á, ìṣísẹ̀ tó máa jáde á di 768, ó pé. Fi 1.3 fà á, 665.6 ni, tí kódù ẹ bá sì ti sọ ọ́ di 665, ó ti jí 0.6 ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú ìṣẹ́jú àáyá 10, gbogbo ẹ̀ ò ju bíi sample 517 lọ, ó wọ inú àyè 2048, test pass, o sùn. Fi ìṣẹ́jú 10 wò ó: ó ti di nǹkan bí 31,000, ìyẹn 0.7 ìṣẹ́jú àáyá, ohùn ti ṣíwájú ọwọ́ nìyẹn. Torí náà, kó o ní test gígùn kan, kó o sì lo nọ́ńbà tí ìṣísẹ̀ ẹ̀ ò ní pé, bíi 1.3.

Ìbéèrè: Ohùn tí ò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Fi sine (ohùn gbọọrọ kan ṣoṣo tí kì í yí) 440 Hz sí i, ìyẹn tó ń gbọ̀n nígbà 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kó jáde ní 440. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra, FFT (ìṣirò tó ń fi bí ohùn ṣe ga tó hàn) oní-sample 2048 ò ríran tó bẹ́ẹ̀, 21.5 Hz ló wà láàárín àmì kan sí èkejì, 425 àti 440 á jọ bọ́ sórí 430.7, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ wọn ti ju ààbọ̀ semitone (ìyàtọ̀ kọ́kọ́rọ́ dùùrù kan sí èyí tó tẹ̀ lé e) lọ. Mú sample 44100 lẹ́ẹ̀kan, á di 1 Hz.

Ìbéèrè: Ṣé mi ò kúkú lè fi gángan fúnra ẹ̀ ṣe test?

Ìdáhùn: Fún etí, bẹ́ẹ̀ ni, kò tiẹ̀ sí èyí tó dáa tó o. Àmọ́ sine ò ní ibi tí kọ̀ǹgọ́ ti bà á, ibẹ̀ sì ni phase vocoder, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fa ohùn gùn láìjẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ (Flanagan àti Golden gbé e jáde ní 1966), ti máa ń da nǹkan rú: ó ń fọ́n ìró kọ̀ǹgọ́ káàkiri fèrèsé, ìlù á wá dún bí ẹni ń lu aṣọ tútù. Fi click (ìró kúkúrú kan ṣoṣo) sí ìṣẹ́jú àáyá 1 àti 2, fà á ní 1.5, kó o wá wò ó bóyá wọ́n bọ́ sí sample 66,150 àti 132,300, kó o sì wo bí wọ́n ṣe fẹ̀ tó.

Ti 1.3 yẹn ni kó o kọ́kọ́ gbìyànjú lálẹ́ yìí, tí iná bá wà.