Bí A Ṣe Mọ Ohun tí Ìyípo Ń Fi Omi Ẹ̀bá Ògiri Ṣe

Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìmọ̀ yìí gbà wá. Àwọn kan ń wádìí ìrìn ohun tó wà lórí ohun tó ń yí. Àwọn mìíràn ń wádìí omi tàbí afẹ́fẹ́ tó tú jáde láti ojú ihò tóóró, tó wá ń sáré lọ lẹ́bàá ògiri. Ó pẹ́ kí ọ̀nà méjèèjì tó pàdé.

Gaspard-Gustave Coriolis, ará Faransé, ló la ti àkọ́kọ́. Lọ́dún 1835 tó kọ ọ́, ẹ̀rọ ló wà lọ́kàn rẹ̀, irú bíi kẹ̀kẹ́ ńlá tí omi ń yí nílé ọlọ. Ó fi ìṣirò hàn pé ohunkóhun tó bá ń rìn lórí ohun tó ń yí, agbára kan wà tó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Láàárín 1893 sí 1895, Fridtjof Nansen, ará Nọ́wè, wà nínú ọkọ̀ Fram tó há sáàárín yìnyín òkun Àríwá. Ó ṣàkíyèsí pé yìnyín náà kì í bá afẹ́fẹ́ lọ tààrà: ó ń yà sọ́wọ́ ọ̀tún, láti dígírì 20 dé 40. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Vilhelm Bjerknes, onímọ̀ físíìsì, lọ, ìyẹn sì fi lé ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́wọ́, Vagn Walfrid Ekman. Ní 1905, Ekman tẹ àlàyé kíkún jáde: ayé tó ń yí ló ń ti omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ipele kọ̀ọ̀kan ń fa èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn náà sì ń yà sí i. Ibi tó wú mi lórí jù nìyí: Ekman rí i pé bí omi bá ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́, ipa afẹ́fẹ́ kò ní wọlẹ̀ tó mítà kan. Àfi kéèyàn ka ìrúkèrúdò omi mọ́ ọn, ìyẹn bí omi ṣe ń ru, tó ń dà pọ̀ láìlétò.

Ní ti ọ̀nà kejì, ti omi tàbí afẹ́fẹ́ tó ń tú lọ lẹ́bàá ògiri, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Förthmann ló ṣe ìdánwò rẹ̀ ní Göttingen, Jámánì, ní 1934. Ìṣirò tí M. B. Glauert tẹ̀ jáde ní 1956 ló jẹ́ kó dúró lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Lára ògiri gan-an, afẹ́fẹ́ náà kì í rìn. Bí a ti ń kúrò níbẹ̀ ni eré rẹ̀ ń ga kíákíá, lẹ́yìn náà á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi kan èyí tó dúró jẹ́ẹ́.

Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ló so ọ̀nà méjèèjì pọ̀, nítorí inú pọ́ǹpù àti tọ́báìnì (ẹ̀rọ tí omi tàbí afẹ́fẹ́ ń yí) ni omi àti afẹ́fẹ́ ń gbà. Ní 1972, James Johnston pẹ̀lú Halleen àti Lezius, ní Yunifásítì Stanford, ròyìn ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n gba omi sáàárín ògiri méjì, tí wọ́n ń yí gbogbo rẹ̀ po. Lára ògiri tí ìyípo ń ti omi mọ́, ìrúkèrúdò pọ̀ sí i. Lára ògiri kejì, ó rọlẹ̀, ó sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́.

Omi tàbí afẹ́fẹ́ tó ń tú lọ lẹ́bàá ògiri wá ní ìṣòro tirẹ̀, torí pé eré tó ń ga àti eré tó ń rọlẹ̀ wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìyípo níwọ̀n bá ń tì í mọ́ ògiri, apá inú, tó sún mọ́ ògiri, á máa ru sí i, apá òde, tó jìnnà sí ògiri, á sì rọlẹ̀, kò sì ní tètè fẹ̀. Bí a bá yí i sódìkejì, apá inú á parọ́rọ́, apá òde á sì máa fa omi àyíká mọ́ra, á nípọn kíákíá, eré rẹ̀ á sì tètè tán.