Ọ̀nà tí owó epo Ìráàkì ń tọ̀

Létí òkun Basra, ní gúúsù Ìráàkì, ọkọ̀ ojú omi ńláńlá máa ń tò dúró de epo rọ̀bì. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ SOMO ló ń tà á. Lọ́dún tí nǹkan bá lọ déédéé, epo tó ń gba ibẹ̀ jáde lójúmọ́ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àgbá. Títí dé ibí yìí, kò sí ohun tó ṣàjèjì. Owó rẹ̀ ni kí èèyàn máa fojú bá lọ, nítorí kì í gba Baghdad lọ tààrà.

New York ló kọ́kọ́ ń dé. Nígbà tí Amẹ́ríkà lé Saddam Hussein kúrò lórí oyè lọ́dún 2003, Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìpinnu 1483, pé kí wọ́n máa da owó epo Ìráàkì sínú àpò kan ṣoṣo. Báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ̀ka ti New York, ni wọ́n gbé àpò náà sí. Wọn ò fẹ́ kí àwọn tí Saddam jẹ lówó gbẹ́sẹ̀ lé e. Gbèsè ogun tí Saddam gbé ko Kuwait náà sì tún wà ńlẹ̀, tí wọ́n ń yọ nínú owó epo títí ó fi pé bílíọ̀nù 52.4 dọ́là lọ́dún 2022. Gbèsè Kuwait ti tán báyìí, orúkọ báńkì àpapọ̀ Ìráàkì ló wà lára àpò náà, ṣùgbọ́n àpò ò kúrò ní New York.

Ẹni tó lepo kọ́ ló di kọ́kọ́rọ́ mú, nìyẹn. Lóṣù January 2020, Amẹ́ríkà pa Qasem Soleimani, ọ̀gágun Ìráànì, lẹ́bàá pápákọ̀ òfuurufú Baghdad. Àwọn aṣòfin Ìráàkì bínú, wọ́n dìbò pé kí ọmọ ogun Amẹ́ríkà máa lọ sílé. Lára ìkìlọ̀ tí Washington fi fèsì ni pé ọ̀nà àpò New York lè dí. Àwọn ọmọ ogun náà ò lọ nígbà náà.

Ilé iṣẹ́ ìṣúná kì í fi dọ́là san owó oṣù. Á ta dọ́là náà fún báńkì àpapọ̀ Ìráàkì, ìyẹn á kó dínárì fún un. Báńkì àpapọ̀ á wá ta dọ́là fún àwọn báńkì tí oníbàárà wọn fẹ́ fi kó ọjà wọlé. Láti February 2023, 1,300 dínárì ni iye tí ìjọba fi sí dọ́là kan. Ní ìgboro, ó máa ń wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti gbé Èkó lásìkò tí dọ́là ní iye méjì ti mọ ìyókù ìtàn yẹn: ìwé fún ọjà tí kò sí, ilé iṣẹ́ tó jẹ́ kìkì orúkọ, dọ́là tí wọ́n rà ní pọ́ọ́kú lọ́wọ́ ìjọba tó tún yọ sọ́jà ìgboro. Amẹ́ríkà ní apá kan rẹ̀ ń dé Ìráànì. Lóṣù July 2023, ó fòfin de báńkì Ìráàkì 14 pé wọn ò gbọ́dọ̀ ṣòwò dọ́là mọ́.

Dínárì tó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, owó oṣù ló ń jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tí ìjọba ń sanwó oṣù fún lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin, láìka àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Nǹkan bí 90 nínú 100 dínárì tó ń wọlé fún ìjọba, epo ló ń mú un wá. Owó orí ò tó nǹkan. Ìjọba tí ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú, kí ni ará ìlú fẹ́ dì mú láti bi í léèrè? Ohun tó kù fún un ni kó wá ẹni tí yóò ki orúkọ rẹ̀ bọnú ìwé owó oṣù. Ẹni yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan.

Muhasasa ni Lárúbáwá ń pe ètò yìí, ìyẹn pínpín ní ìpín-ìpín. Kò sí nínú ìwé òfin ọdún 2005, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń rú u: ààrẹ á jẹ́ Kurd, ẹ̀yà tó wà lápá àríwá, olórí ìjọba á jẹ́ Mùsùlùmí Ṣíà, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin á jẹ́ Mùsùlùmí Súnì. Wọ́n á wá pín àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba láàárín ẹgbẹ́. Ipò mínísítà nìkan kọ́ ni wọ́n ń jà lé. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá wà, lọ́dọ̀ àwọn igbákejì àti àwọn ọ̀gá àgbà ẹ̀ka. Mínísítà lè lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, kí ọ̀gá àgbà tó ń fọwọ́ sí kọńtírákì ṣì jókòó gba ìjọba mẹ́ta kọjá, ẹgbẹ́ tó gbé e síbẹ̀ ni yóò sì máa sìn.

Ìbò wá di òṣùwọ̀n ìpín. Lọ́dún 2010, Iyad Allawi mú àga 91, Nouri al-Maliki, olórí ìjọba ìgbà náà, mú 89. Ilé ẹjọ́ ní ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù, tó láṣẹ láti fi olórí ìjọba jẹ, lè jẹ́ èyí tí wọ́n so pọ̀ lẹ́yìn ìbò. Ohun tí Maliki ṣe nìyẹn, ó sì dúró sórí àga. Lọ́dún 2021, ẹgbẹ́ Muqtada al-Sadr, àlùfáà Ṣíà kan, ló ṣe ipò kìn-ín-ní, àga 73 nínú 329. Ó fẹ́ dá ìjọba tí àwọn Ṣíà yòókù ò ní sí nínú rẹ̀. Wọn ò kúkú bá a jà nínú ilé, wọ́n kàn kọ̀ láti wá jókòó ni: láìsí ìdá méjì nínú mẹ́ta aṣòfin níjòkòó, kò sí bí wọ́n ṣe máa yan ààrẹ, láìsí ààrẹ, kò sí olórí ìjọba. Ní June 2022, Sadr bínú kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde. Àwọn tí Sadr nà nínú ìbò náà jókòó sí ọ̀pọ̀ lára àga wọn, wọ́n sì fi Mohammed Shia al-Sudani jẹ olórí ìjọba lóṣù October.

Ọ̀rọ̀ ààbò náà, inú ìwé owó oṣù yìí kan náà ló wà. Ẹni tó ń gbowó tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́, fadhai ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ará ojú òfuurufú. Ọmọ ogun á pín owó oṣù rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gá, á jókòó sílé. Òmíràn ti kú, owó rẹ̀ ò kú. Ní June 2014, àwọn agbébọn ISIS gba ìlú Mosul lọ́wọ́ ọmọ ogun tó pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì, lórí ìwé. Kí ọdún yẹn tó parí, olórí ìjọba Haider al-Abadi sọ fún àwọn aṣòfin pé wọ́n ti rí 50,000 ará òfuurufú nínú ìpín ológun mẹ́rin péré.

Ìṣubú Mosul ló bí Hashd al-Shaabi, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ará ìlú. Àgbà àlùfáà Ali al-Sistani pe ará ìlú sógun, ọ̀kẹ́ àìmọye dáhùn, àwọn ẹgbẹ́ agbébọn tó ti wà tẹ́lẹ̀ sì gba abẹ́ ìpè yẹn wọlé. Òfin ọdún 2016 sọ wọ́n di ti ìjọba. Ìṣúná ọdún 2023 ka wọn sí nǹkan bí 238,000, wọn ò ju 122,000 lọ níwọ̀n ọdún mélòó kan ṣáájú. Àwọn kan nínú wọn ń gbọ́ ti Tehran, olú ìlú Ìráànì, ju Baghdad lọ, wọ́n sì máa ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sí ibùdó Amẹ́ríkà. Àpò New York ni owó oṣù wọn ti ń ṣàn wá.

Àwọn Kurd ní tiwọn lápá àríwá, ìjà wọn rọrùn láti yé. Ìwé òfin ní gbogbo ará Ìráàkì ló lepo. Títí di ọdún 2023, Erbil, olú ìlú àwọn Kurd, máa ń dá ta èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ gba Tọ́kì. Baghdad náà á dá ìpín ìṣúná wọn dúró. Ọ̀pá epo tó lọ sí Ceyhan, èbúté kan ní Tọ́kì, dákẹ́ láti March 2023 títí di September 2025.

Gbogbo èyí ń lọ bí epo bá lówó lórí. Lọ́dún 2020 tí àrùn kòrónà fọ́ ọjà epo, owó oṣù October pẹ́, àwọn aṣòfin ní láti fọwọ́ sí yíyá tírílíọ̀nù 12 dínárì kí ìjọba tó lè sanwó. Mínísítà ìṣúná Ali Allawi gbé ìwé àtúnṣe jáde, ó ní ìwé owó oṣù gbọ́dọ̀ dín kù. Lọ́dún 2022, epo tún wọ́n. Allawi kọ̀wé fipò sílẹ̀ lóṣù August. Ìṣúná tó tẹ̀ lé e, tírílíọ̀nù 198.9 dínárì ni. Irú rẹ̀ ò wáyé rí ní Ìráàkì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ tuntun ló sì kó bọnú ìwé owó oṣù.