Bí ajùbọ́ọ̀lù ṣe ń dé líìgì àgbà, àti bó ṣe ń di olùkọ́

Nínú béèsìbọ́ọ̀lù, ọwọ́ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ni eré wà. Yóò dúró lórí òkìtì kékeré, yóò sì jù ú sí ẹni tó di igi mú, tó fi nǹkan bíi mítà 18 jìnnà sí i. Síbẹ̀, àwọn kan wà tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lépa líìgì àgbà ní Amẹ́ríkà, wọn kì í lò ju oṣù díẹ̀ lọ níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ náà ló fà á.

Ẹgbẹ́ 30 ló wà ní líìgì àgbà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀, láti Single-A tó wà nísàlẹ̀ títí dé Triple-A tó sún mọ́ òkè jù, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ṣẹ́. Eléré 40 ni orúkọ wọn ń wà nínú ìwé ẹgbẹ́ àgbà, àmọ́ àwọn 26 péré ló sábà máa ń wà lókè. Ìyókù ń retí ìpè. Fún sáà mẹ́ta, ẹgbẹ́ lè gbé ẹnì kan sókè lónìí kó sì dá a padà sísàlẹ̀ láìpẹ́, láìbi í bóyá ó fẹ́. Tí sáà mẹ́ta náà bá ti tán, wọn ò lè dá a padà bẹ́ẹ̀ mọ́ àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi lọ àwọn ẹgbẹ́ yòókù. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ẹ lè mú un. Báyìí ni ẹlòmíràn ṣe ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kó tó fẹ̀yìn tì.

Lẹ́yìn èyí, apá. Iṣan kan wà nínú ìgbọ̀nwọ́ tó máa ń já lára àwọn ajùbọ́ọ̀lù. Lọ́dún 1974, dókítà Frank Jobe mú iṣan láti ibòmíràn lára ajùbọ́ọ̀lù Tommy John, ó fi rọ́pò èyí tó já, ọkùnrin náà sì ń ju bọ́ọ̀lù títí di 1989. Àmọ́ ìwòsàn rẹ̀ sábà máa ń gbà ju ọdún kan lọ, ẹgbẹ́ kì í sì í dúró de gbogbo èèyàn.

Ajùbọ́ọ̀lù kan, Jim Morris, rí gbogbo èyí. Ẹgbẹ́ Milwaukee mú un lọ́dún 1983, àmọ́ apá tó ń dùn ún kò jẹ́ kó gòkè. Ó fi eré sílẹ̀, ó di olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti kóòṣì nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Big Lake, Texas. Lọ́dún 1999, àwọn ọmọ tó ń kọ́ bá a ṣe àdéhùn: bí àwọn bá gba ife-ẹ̀yẹ àgbègbè, kóòṣì náà gbọ́dọ̀ lọ dán ara rẹ̀ wò. Wọ́n gba ife náà. Nígbà tó lọ síwájú àwọn aṣojú ẹgbẹ́ Tampa Bay, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sáré tó máìlì 98 ní wákàtí kan, ní ẹni ọdún 35! Ẹgbẹ́ náà mú un, ó sì gòkè dé líìgì àgbà: ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ní Arlington, bọ́ọ̀lù mẹ́rin péré ló jù tí Royce Clayton tó di igi mú kò fi rí i gbá, tó sì gbọ́dọ̀ kúrò. Eré 21 ló kópa nínú rẹ̀ kí apá tó tún dá a dúró lọ́dún 2000.

Owó ńkọ́? Láti 1980, ẹni tó bá lo ọjọ́ 43 lókè ti ní ẹ̀tọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì. Ṣáájú ìgbà náà, ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń béèrè. Àwọn tó ti lọ kó tó di 1980 láìpé ọdún mẹ́rin kò rí kọ́bọ̀ gbà títí di 2011, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní owó díẹ̀ lọ́dọọdún. Tí ẹni náà bá kú, ìyàwó rẹ̀ kò ní jogún rẹ̀. Ìwà àìṣòótọ́ gbáà nìyẹn sí àwọn tó fi apá wọn gbé eré náà ró.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń wá iṣẹ́ tó dúró. Ẹgbẹ́ mìíràn máa ń fi owó yunifásítì sínú ìwé àdéhùn, àmọ́ eléré gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà láàárín ọdún méjì tó bá kúrò nídìí eré. Ní Texas, òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe kóòṣì, nítorí náà ẹni tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù máa ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì tàbí ìtàn láàárọ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó ń fi ìka méjì dábùú ojú-rírán bọ́ọ̀lù, àtàǹpàkò nísàlẹ̀, kí ọmọ lè rí bí wọ́n ṣe ń dì í mú. Láti 2017, ó tún gbọ́dọ̀ máa ka iye bọ́ọ̀lù tí ọmọ kọ̀ọ̀kan jù: ní Texas, kò gbọ́dọ̀ ju 110 lọ lọ́jọ́ kan, bí iye náà bá sì ṣe pọ̀ tó ni ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e ṣe ń pọ̀ tó.