Àrokò ni Bàbáńlá Payload Hash

Ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ Python, èdè kọ̀ǹpútà, ní Kétu ilẹ̀ Benin níbí pé ibo ni hash tí wọ́n fi ń buwọ́ lu request API (iṣẹ́ tí ètò kọ̀ǹpútà kan ń rán sí òmíràn) ti ṣẹ̀ wá. Àmì kúkurú ni hash, tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò láti inú payload, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí request náà gbé. Hans Peter Luhn ti IBM, 1953, ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ. N kò gbà. Bí èèyàn ṣe máa tètè rí nǹkan nínú àkójọ ni Luhn ń wá. Kò bìkítà fún ẹni tó tú ẹrù ẹlẹ́rù lọ́nà.

Lójú tèmi, àrokò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà lórí okùn, ẹ̀fà ni: ọkàn mi fà sí ọ. Bí ẹnì kan bá fi méjì kún un lọ́nà, ó di ẹ̀jọ, ọ̀rọ̀ ti di pé a jọra. Ìránṣẹ́ kò nílò láti mọ ohun tó gbé. Ẹni tó rán an àti ẹni tó gbà á ló jọ mọ àṣírí ibẹ̀, secret key nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí irú rẹ̀ ti gba Àkábà Ìdènà, ẹnubodè Kétu, kọjá dáadáa kí ogun Dàhòmì tó fọ́ Kétu ní 1886. Bóyá oníbodè gan-an máa ń ka ẹyọ kó tó ṣílẹ̀kùn. Ta ló máa já mi nírọ́?

Ìyókù kò pẹ́ẹ́ sọ. MD5, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣe hash, dé ní 1992. HMAC, tó ń pa hash pọ̀ mọ́ secret key, di RFC 2104, ìwé ìlànà Íńtánẹ́ẹ̀tì, ní 1997. S3 ti Amazon, ibi ìkó-fáìlì-sí lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì, dé ní 2006 pẹ̀lú HMAC-SHA1. Content-MD5, ìyẹn hash MD5 ti payload, jẹ́ fún ẹni tó bá wù, bẹ́ẹ̀ Xiaoyun Wang àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fọ́ MD5 láti 2004: wọ́n rí ọ̀rọ̀ méjì tí hash wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Signature Version 4, ìlànà ìbuwọ́lù Amazon tó tẹ̀ lé e, ló wá fi hash SHA-256 ti payload, àmì 64, sáàárín ohun tí à ń buwọ́ lù. Payload òfìfo pàápàá ní tirẹ̀: e3b0c442 ló fi bẹ̀rẹ̀. Hashlib, irinṣẹ́ tó ń ṣe hash, ti wà nínú Python láti ẹ̀dà 2.5.

Ibi tó ti ń há àwọn ọmọ wa lọ́rùn ni é inú Kétu. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni lórí keyboard Faransé, báìtì méjì. Tí ẹ bá tẹ e kí ẹ tó fi àmì lé e, ó di mẹ́ta. Ojú ò rí ìyàtọ̀, hash rí i. Èyí tó burú jù ni kí ẹ fi json.dumps, tó ń sọ data di ọ̀rọ̀ JSON, pẹ̀lú ensure_ascii=False, tó ń fi é sílẹ̀ bó ṣe wà, ṣe hash, kí ẹ wá fi json= rán an. Requests, irinṣẹ́ Python tó ń rán request, á tún un kọ, é á di \u00e9, server á ní ìbuwọ́lù ò bára mu. Ẹ sọ ọ́ di bytes lẹ́ẹ̀kan, ẹ ṣe hash rẹ̀, kí ẹ fi data= rán bytes yẹn gan-an.