Ọ̀gá pósítọ́fíìsì tó fi páìpù fọ etí ara ẹ̀

Téèyàn bá wọlé sọ́dọ̀ mi ní kíníìkì tó ní etí òun di, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé kí lẹ ti kán sí i, torí mo mọ̀ pé wọ́n á ti kán nǹkan. Nílùú Ọba láyé bíi ọdún 1600, omi àlùbọ́sà, epo álímọ́ǹdì, ẹyin èèrà, ọ̀rá ẹja, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń dà sétí. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fáwọn kan o, tó bá jẹ́ ìdọ̀tí ló gan síbẹ̀, epo á mú un rọ̀, ẹni náà á gbọ́ràn, òkìkí oògùn á kàn. Ẹni tí wàhálà tiẹ̀ wà lẹ́yìn ìlù etí, awọ fẹ́lẹ́ tó wà nínú etí, wá ńkọ́? Epo ò lè débẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn Guyot. Kì í ṣe dókítà, ọ̀gá pósítọ́fíìsì ni ní Versailles nílẹ̀ Faransé, etí tiẹ̀ gan-an ló di. Ihò tóóró kan wà tó ti ẹ̀yìn imú lọ sẹ́yìn ìlù etí, ìwé Eustachi ará Ítálì ti ṣàlàyé ẹ̀ láti 1564, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ etí, òun ló máa ń ró pọ́ tẹ́ ẹ bá gbétọ́ mì nínú báálù. Tí ikun bá dí i, etí á wúwo. Guyot wá tẹ páìpù irin kan, ó kì í bẹnu, ó gbé e gba ẹ̀yìn àjà ẹnu lọ sókè, ó sì fomi fọ ẹnu ihò yẹn fúnra ẹ̀! Ní 1724 ó gbé e síwájú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Paris. Ní 1741 Archibald Cleland, dókítà àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì, ní imú ni ká gbà, pẹ̀lú páìpù fàdákà tó ṣeé tẹ̀ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Àwọn tí wọ́n bí ní adití ni wọ́n fìyà jẹ lásán. Lẹ́yìn 1800, Itard, dókítà kan ní Paris, fi eṣúṣú sí wọn lára, ó dá ihò sí ìlù etí wọn, kò sí èyí tó mú wọn gbọ́ràn. Bẹ́ẹ̀ Pedro Ponce, mọ́ǹkì ìjọ Kátólíìkì kan ní Oña ní Sípéènì tó kú ní 1584, ti kọ́ àwọn ọmọ adití níwèé, ó kọ́ wọn lọ́rọ̀ sísọ, láìkán nǹkan kan sí wọn létí.

Epo ólífì díẹ̀ fún ìdọ̀tí ò burú títí dòní, àmọ́ tí etí bá ń ṣọyún, tó ń dunni, tàbí ìlù etí ti lu, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kán nǹkan kan sí i. Etí tó ṣàdédé di láàárín ọjọ́ kan, ẹ gbé e lọ sọ́sípítù lọ́jọ́ náà gan-an.