Afritada

Afritada, tí àwọn mìíràn ń kọ ní apritada, jẹ́ ọbẹ̀ ilẹ̀ Filipínì tí wọ́n ń fi ẹran, tòmátì, ànàmọ́ òyìnbó, kárọ́ọ̀tì àti tàtàṣé sè. Wọ́n lè fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ti màlúù sè é, ṣùgbọ́n adìyẹ ló wọ́pọ̀ jù nínú ilé. Apritadang manok ni wọ́n ń pe ti adìyẹ ní èdè Tagalog, torí manok ni adìyẹ.

Orúkọ àti ìtàn

Èdè Spéìn ni orúkọ náà ti wá: fritada ni ohun tí a dín. Spéìn ṣàkóso Filipínì láti 1565 títí di 1898, ọ̀pọ̀ orúkọ oúnjẹ ibẹ̀ sì ti ọwọ́ wọn wá. Tagalog kò ní ìró f tẹ́lẹ̀, ìdí nìyí tí f fi di p lẹ́nu àwọn ènìyàn, bí v inú television ṣe di f nínú tẹlifíṣọ̀n lẹ́nu Yorùbá. Orúkọ yìí lè ṣini lọ́nà díẹ̀, torí ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń dín nǹkan. Inú omi ọbẹ̀, lábẹ́ ìdérí, ni ẹran ti ń jinná.

Tòmátì, tàtàṣé àti ànàmọ́ òyìnbó kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ìbílẹ̀ Éṣíà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣẹ̀, wọ́n sì dé Filipínì láyé tí ọkọ̀ òkun ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Manila àti Acapulco ní Mẹ́ksíkò (1565 sí 1815). Lóde òní, púpọ̀ nínú kárọ́ọ̀tì àti ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n ń tà ní Manila ń wá láti Benguet, agbègbè olókè tó tutù ní àríwá erékùṣù Luzon.

Afritada ní àwọn ọbẹ̀ ìbátan tí àlejò máa ń ṣì mú fún ara wọn. Menudo ni ti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Mechado jẹ́ ti màlúù. Ewúrẹ́ ni wọ́n sì fi ń se kaldereta láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ lílọ̀ tó ń mú un ki.

Sísè nílé

Adìyẹ bíi kílò 1 tó fún ènìyàn 4 tàbí 5. Itan àti ẹsẹ̀ ló yẹ ọbẹ̀ yìí: iṣan inú wọn máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi ọbẹ̀, wọn kì í sì í tètè gbẹ bí ẹran àyà.

Wọ́n á bó ànàmọ́ àti kárọ́ọ̀tì, wọ́n á gé wọn ní gígé ńlá, wọ́n á sì dín wọn nínú òróró díẹ̀ títí ẹ̀gbẹ́ wọn á fi pọ́n. Wọ́n á kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n tó dín adìyẹ nínú òróró yẹn náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dín aáyù àti àlùbọ́sà, dídín tí wọ́n ń pè ní gisa. Bí àlùbọ́sà bá ti rọ̀, wọ́n á da patis bíi ṣíbí 1 sí i. Omi tó ń jáde lára ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ pamọ́ fún oṣù púpọ̀ ni patis. Òórùn rẹ̀ á kọ́kọ́ gbòde kan nínú ilé ìdáná, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi rọlẹ̀, adùn rẹ̀ nìkan ló ń kù. Oníyọ̀ ni, nítorí náà ìparí ló yẹ kí a tó tọ́ ọbẹ̀ wò bóyá ó tún fẹ́ iyọ̀.

Tòmátì lílọ̀ bíi gíráàmù 250 ló kàn, pẹ̀lú ife omi kan, ewé laurel (bay leaf) kan tàbí méjì àti ata dúdú. Wọ́n á dé e, wọ́n á dín iná kù, ó di bí ìṣẹ́jú 20.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe ni ìgbà tí àwọn yòókù ń wọ ìkòkò. Kíkan tòmátì kì í jẹ́ kí ànàmọ́ tètè rọ̀. Ẹni tó bá jù ú sínú ọbẹ̀ ní tútù lè máa dúró títí ẹran á fi já kúrò lára egungun. Ìwúlò dídín tó ṣáájú nìyẹn. Ànàmọ́ àti kárọ́ọ̀tì á lo bí ìṣẹ́jú 10 nínú ọbẹ̀. Tàtàṣé pupa àti aláwọ̀ ewé pẹ̀lú green peas ló ń kẹ́yìn, ìṣẹ́jú 3 sí 5 péré, kí tàtàṣé má baà pàdánù àwọ̀ rẹ̀. Inú adìyẹ gbọ́dọ̀ gbóná dé 74 °C. Ọbẹ̀ tó ti tó máa ń lẹ̀ mọ́ ṣíbí, òróró pupa á sì léfòó lórí rẹ̀.

Àwọn mìíràn ń fi hotdog, èso àjàrà gbígbẹ tàbí ọ̀pẹ òyìnbó sí i. Àwọn tó fẹ́ kó dùn díẹ̀ ń lo banana ketchup, èyí tí wọ́n gbà pé onímọ̀ oúnjẹ Maria Orosa (tó kú ní 1945) ló dá a sílẹ̀. Afritada kì í ta lẹ́nu.

Jíjẹ

Ulam ni afritada, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì. Wọ́n ń sè é fún àríyá, ó sì máa ń wà nínú àwo ní ilé oúnjẹ turo-turo, níbi tí oníbàárà ti ń nawọ́ sí ohun tó fẹ́. Tó bá di ọjọ́ kejì, ànàmọ́ á ti fa omi ọbẹ̀ mu, omi díẹ̀ ni wọ́n sì máa ń bù sí i kí wọ́n tó gbé e padà sórí iná.