Bí A Ṣe Ń Ka Òkúta Atọ́nà Orí Òkè Derbyshire

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ta la fẹ́ bi lórí ilẹ̀ gíga àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí igi kò sí, tí kùrukùru ń bo ojú ọ̀nà lọ́sàn-án gangan? Àwọn tó ń fi ẹṣin kó ọjà kọjá níbẹ̀ ní láti mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Òfin 1697 ló fún àwọn adájọ́ láṣẹ pé kí wọ́n mú kí àwọn alábòójútó ọ̀nà ri àmì mọ́ oríta. Ní Derbyshire, agbègbè kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkúta ni wọ́n fi ṣe àmì náà, 1709 sì ni ọdún tó wà lára púpọ̀ nínú wọn.

Òkúta onígun mẹ́rin ni, orúkọ ìlú sì máa ń wà lójú kọ̀ọ̀kan. Ibí gan-an ni àlejò ti ń ṣì í mú. Ojú tí wọ́n kọ Sheffield sí kò dojú kọ Sheffield. Dúró, kọjú sí orúkọ náà, kí o wá yà sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ: ọ̀nà Sheffield nìyẹn. Àmọ́ bí agbẹ́kùúta bá gbẹ́ àwòrán ọwọ́ sí i, ọwọ́ yẹn ni kí o tẹ̀lé.

Bí lẹ́tà bá ti jẹ, má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á o! Òkúta oníyanrìn ni, lẹ́tà ni yóò bá a lọ. Tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, òjìji yóò kún inú lẹ́tà, wàá sì rí i kà. Má retí sípẹ́lì òde òní: FEILD ni wàá rí níbi tó yẹ kó jẹ́ FIELD. Bí àyè kò bá sì tó, wọn a gé orúkọ, ìyókù a bọ́ sí ìlà ìsàlẹ̀.

Níbi tí wọ́n bá kọ iye máìlì sí, fi kún un. Máìlì òde òní jẹ́ 1,760 yáàdì. Tàwọn ará ibẹ̀ nígbà náà sábà máa ń lé ní 2,000.

Òkúta mìíràn kò sí ní ààyè rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbẹ̀ sọ àwọn kan di òpó géètì, ihò ìdè géètì ṣì wà lára wọn. Ní 1940, wọ́n bo àwọn kan mọ́lẹ̀ kí ọmọ ogun Jámánì má baà rí wọn kà. Èyí tí wọ́n bá tún rì, ojú rẹ̀ lè ti yí. Nítorí náà, fi máàpù àti kọ́ńpáàsì yẹ orúkọ méjì wò. Bí méjèèjì bá bá máàpù mu, òkúta náà dúró déédéé. Bí méjèèjì bá ṣì lọ́nà kan náà, wọ́n ti yí i ni, bí ó ti yí náà ni kí o fi tún ìyókù kà.